Ògiri Ìhà Ìlà-Oòrùn

Ó rẹ Alfa Gàníyù. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn lé lórí, tí yóò sì lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Èyí ti wọ inú egungun, ó ti tẹ́ ẹní tirẹ̀ síbẹ̀, ó sì ti ń gba àlejò. Bí Gàníyù bá kírun àárọ̀ tán, tó fẹ́ dìde, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti ilẹ̀, yóò ní "Bísímílà," yóò sì dúró díẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ rántí iṣẹ́ tí Ọlọ́run torí rẹ̀ dá a.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹrẹ̀ ló ń dúró dè é lẹ́yìnkùlé. Ó ti wà á jọ, ó ti da omi sí i, ó ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí ó lè rọ̀ mọ́jú. Ó wá ku kí ó tẹ̀ ẹ́. Bàbá tó bá sì ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀, kí ará ilé rẹ̀ máa ṣàdúrà ni.

Àbẹ̀ní, ìyàwó rẹ̀, ń koná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó wò ó títí, kò lè mú un mọ́ra.

"Bàbá Fatah, ẹ máa rọra o. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń tẹ ẹrẹ̀ yẹn náà lẹ máa fi rìn dé mọ́sálásí."

"Ta ni kí n wá ní kó bá mi tẹ̀ ẹ́?"

Kò sẹ́ni tí Àbẹ̀ní lè dárúkọ. Abdulfatah, ọmọ wọn, wà ní Àbújá. Àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀-Àràbà, àdúgbò wọn, ti fọ́n ká: àwọn kan ń bẹ n'Íbàdàn, àwọn kan l'Ékòó, àwọn tó ṣẹ́kù ń fi ọ̀kadà gbé èrò láàárín Ìwó sí Ilé-Ogbó. Bí wọ́n bá rí Gàníyù pẹ̀lú bárò ẹrẹ̀ lójú títì, wọ́n á kí i dáadáa, "Alfa, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á fún un yín lókun," wọ́n á sì kọjá láìsọ̀ kalẹ̀. Okun tí wọ́n ń bá a tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run yẹn, àwọn gan-an ni Ọlọ́run kó o fún.

Ẹrẹ̀ náà kì í ṣe fún ilé Gàníyù. Ilé tirẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni. Ògiri Gbọ̀ngán Ìlú ló fẹ́ lọ rẹ́.

Nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, wọ́n ní ìlú gbọ́dọ̀ ní ilé kan tí àwọn ìgbìmọ̀ yóò ti máa jókòó, tí wọn yóò sì ti máa dájọ́. Wọ́n ya àwòrán ilé náà sórí bébà, wọ́n gbé e wá. Àwọn àgbààgbà yẹ̀ ẹ́ wò lókè, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀, wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní àwọn ti ń kọ́lé kí bàbá ẹni tó ya àwòrán tó gbéyàwó. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pín ilé náà: ògiri mẹ́rin, àdúgbò mẹ́rin. Òkè-Ìrókò gba iwájú, níbi tí ilẹ̀kùn wà. Òkè-Mísọ̀n, àdúgbò àwọn Onítẹ̀bọmi, gba ìwọ̀-oòrùn. Ìdí-Osè gba ẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀-Àràbà gba ìlà-oòrùn.

Kálukú wa ẹrẹ̀ nínú kòtò tirẹ̀. Ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀-Àràbà pupa bí epo, ti Òkè-Mísọ̀n ràn sí funfun, ti àwọn yòókù wà láàárín. Wọ́n mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, ọ̀kan ò gbọdọ̀ gun ọ̀kan lórí kí ti ìsàlẹ̀ tó gbẹ, ògiri náà sì nípọn débi pé ọmọdé lè sùn sójú fèrèsé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ síta. Káfíńtà kan tó ti bá àwọn Àgùdà, àwọn tó ti Bùràsíìlì padà dé, ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ orí fèrèsé ní kọrọdọ. Wọ́n fi ìrókò ṣe ilẹ̀kùn, wọ́n fi páánù bo ilé náà, ẹni tó bá ti Òṣogbo wọ̀lú nígbà náà yóò dúró wò ó kó tó kọjá.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ṣe àdéhùn pé àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni yóò máa rẹ́ ògiri tirẹ̀ lọ́dọọdún kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri ẹlòmíràn. Ní igun tí ògiri méjì ti pàdé, wọ́n fa ìlà kan láti òkè dé ilẹ̀. Ìlà yẹn le ju ààlà oko lọ.

Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí ti òun kọ́kọ́ bàjẹ́. Lẹ́yìn òmìnira, ògiri Òkè-Mísọ̀n là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kíá ni wọ́n dí i, ṣùgbọ́n ojú ti rí i, ẹnu sì ti gbé e. Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ Òkè-Mísọ̀n kan bá ń ṣe fáàrí nínú agbo, ẹnìkan á sọ pé, "Ẹ jẹ́ ó wí tirẹ̀, ọmọ Ògiri-lanu." Ó ti di dókítà, ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ Ògiri-lanu ni. Ìyẹn ló ń dẹ́rù ba àwọn tó kù.

Ní ti Ìsàlẹ̀-Àràbà, iyì ló mú àwọn baba wọn yan ìhà ìlà-oòrùn, wọ́n ní ògiri àwọn ni oòrùn yóò máa kọ́kọ́ kí lárọ̀ọ̀. Wọn ò rántí pé láti ìhà yẹn náà ni ìjì ti ń wá. Òjò tó bá máa na Gbọ̀ngán, ògiri wọn ló máa ń kọ́kọ́ nà. Èyí tó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ lára àwọn yòókù, wọ̀ǹwọ̀ ló ń wó lára tiwọn. Gàníyù ti rò ó títí, ó ti gbà pé kì í ṣe gbogbo ohun tí bàbá ẹni yàn ni bàbá ẹni rò.

Àwọn obìnrin ló ń rẹ́ ẹ nígbà tó wà lọ́mọdé. Wọ́n á tò lọ bẹẹrẹ nídìí ògiri, ọwọ́ wọn á máa lọ á máa bọ̀, ẹ̀rín wọn á gba ọjà kan. Humairah, ìyá rẹ̀, wà láàárín wọn. Òun Gàníyù a máa pọn omi fún un. Ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún ìyá náà ti ká kò láti ìgbà tí àkàndùn ti bá a jà, kò nà mọ́. Nígbà tí ọwọ́ àwọn obìnrin yòókù ń fi ìlà mẹ́rin sára ẹrẹ̀ tútù, ọwọ́ tirẹ̀ ń fi ìlà kan, àlàfo, lẹ́yìn náà ìlà méjì. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò gbọdọ̀ jalè láé, pé ibikíbi tó bá fọwọ́ kàn ni wọ́n á ti mọ̀ ọ́n. Ó ti kú tipẹ́. Àwọn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ náà ti tẹ̀ lé e.

Gàníyù tẹ ẹrẹ̀ rẹ̀ tán, ó kó o sí bárò, ó ń tì í lọ. Bí ó ṣe ń tì í ló ń sinmi. Nígbà tó fi máa dé Gbọ̀ngán, oòrùn ti ga, ògiri Òkè-Ìrókò sì ti tutù minimini láti igun dé igun. Wọ́n ti rẹ́ ẹ tán. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Alàájì Hussain, olórí àdúgbò náà, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú jalàbíà funfun, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tó wá ṣe àbẹ̀wò. Òun àti Gàníyù jọ ka Kùránì lọ́dọ̀ olùkọ́ kan ni, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń bá ara wọn díje, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì tíì sọ ọ́ jáde.

"Alfa, ẹ̀yin náà ti dé?"

"A ti dé, Alàájì. Àwọn ọmọ yín ti ṣe tán ná?"

"Wọ́n ti ṣe é, wọ́n ti gba oko lọ. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn kì í fẹ́ kí oòrùn bá àwọn nídìí iṣẹ́."

"Alihamudulilai," ni Gàníyù wí, ó sì dùn ún wọ egungun. Àwọn kan ní ọmọ. Òun ní bárò.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ẹrẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀kadà kan dúró. Olúwagbénga ni, ọmọkùnrin tó ń ṣe àkóso àwọn ilé ìjọba ní kánsù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku, ó kí wọn tán, ó ní iṣẹ́ ni wọ́n rán òun.

"Ẹ̀yin bàbá wa, kánsù fẹ́ rí àwọn àdúgbò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Sátidé, nínú Gbọ̀ngán níbí. Páánù òrùlé yìí tún ti jẹrà. Tí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣì fẹ́ máa tọ́jú ògiri yín lọ, a ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n tí àdúgbò kan ṣoṣo bá ní òun ò ṣe mọ́, ilé náà parí nìyẹn, ẹ má bínú. A ò lè gbé òrùlé ka orí ògiri mẹ́ta."

"Òkè-Ìrókò ò ní ṣaláì ṣe," ni Hussain sọ lójú ẹsẹ̀. Ó wo Gàníyù.

Gàníyù wo ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. "A ó rí ara wa ní Sátidé," ni ohun tó sọ.

Kò rẹ́ ògiri náà lọ́jọ́ yẹn. Ó ju ẹrẹ̀ tó bù padà sínú bárò, ó tì í lọ sílé, ó sì wúwo ju bó ṣe gbé e wá lọ.

Ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀, Àbẹ̀ní ń fi òrí pa orúnkún rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kánsù fún un.

"Ẹ wá ní kí lẹ fẹ́ wí?"

"Mo fẹ́ sọ pé ó rẹ̀ mí."

Ọwọ́ Àbẹ̀ní dúró. "Lójú gbogbo wọn?"

"Ṣé irọ́ ni? Fatah ti ń wí lórí fóònù pé kí n fi í sílẹ̀, pé kánsù fúnra rẹ̀ ti kó lọ sí sẹkitéríàtì látọjọ́ pípẹ́. Àga tó fọ́ ló wà nínú ilé yẹn, Àbẹ̀ní. Àga tó fọ́ àti ewúrẹ́. Ìgbìmọ̀ kankan ò jókòó síbẹ̀ mọ́. Mò ń rẹ́ ilé fún ewúrẹ́."

"Mo mọ̀. Èmi ni mò ń fi òrí pa yín." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lọ. "Ṣùgbọ́n Fatah ò ní gbé Ìsàlẹ̀-Àràbà mọ́, ẹ̀yin lẹ ń gbé e. Ọmọ Ògiri-lanu ni wọ́n máa pe àwọn ọmọ ọmọ yín. Wọn ò sì ní sọ pé ó rẹ àdúgbò. Wọ́n á ní lọ́wọ́ Gàníyù ló bàjẹ́."

Ohun tó ń ba òun náà lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ẹni mélòó ló ti di ògiri yẹn mú kó tó kàn án, bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, àwọn èèyàn tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn. Ẹnìkan nínú wọn ò sì já a bọ́. Ó fẹ́ sinmi. Ó fẹ́ ẹ débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí ó ń rò ó. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ òun ni yóò já sí. Láti ọjọ́ náà títí di Sátidé, ó pinnu pé òun yóò sọ ọ́, ó sì tún pinnu pé òun ò ní í sọ ọ́, bí ó ṣe ń yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní ni ìpinnu rẹ̀ ń yí.

Ní Sátidé, wọ́n lé àwọn ewúrẹ́ jáde, wọ́n yọ àga díẹ̀ tó ṣì lẹ́sẹ̀ nínú àwọn tó fọ́. Inú ilé náà tutù, bí ilé ẹrẹ̀ ṣe máa ń tutù, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba àwọn fèrèsé kọrọdọ wọlé, ó ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gàníyù gbàgbé pé ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ó bí i nínú pé ó lẹ́wà. Ìbá rọrùn bí ó bá burẹ́wà.

Àwọn mẹ́rin ló ṣojú àdúgbò: òun, Hussain, Fọládé láti Ìdí-Osè, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àti Màmá Lydia, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá fún Òkè-Mísọ̀n pẹ̀lú Bíbélì lábíyá bí ẹni tó fẹ́ lọ jẹ́rìí ní kọ́ọ̀tù.

Olúwagbénga bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Hussain kọ́kọ́ dìde. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá wà lẹ́nu ọmọ Òkè-Ìrókò kan, ilẹ̀kùn Gbọ̀ngán ò ní ya kúrò lára ògiri. Màmá Lydia ní Ọlọ́run tó gbé Òkè-Mísọ̀n dúró lẹ́yìn tí wọ́n là lẹ́ẹ̀kan, kò ní jẹ́ kí wọ́n là lẹ́ẹ̀kejì. Fọládé ní ohun tí àwọn àgbà wí náà lòun wí, ó sì jókòó.

Ó kan Gàníyù. Ó fi ọwọ́ ti orúnkún, ó dìde. Ọ̀rọ̀ dídùn tó ti tò sẹ́nu wà níbẹ̀, nípa oòrùn tó ń kọ́kọ́ kí ògiri Ìsàlẹ̀-Àràbà lárọ̀ọ̀. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Orúnkún rẹ̀ ta á.

"Ó rẹ̀ mí," ló sọ.

Ọ̀rọ̀ ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

"Kò sẹ́ni tó ń bá mi rẹ́ ẹ. Èmi ni mò ń wa ẹrẹ̀, èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń tì í. Mo mọ ohun tí wọn yóò máa pe àwọn ọmọ mi. Ẹ máa pè wọ́n. Mi ò lè ṣe é mọ́, ẹ dákun." Ó jókòó. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

Ó gbọ́ tí Màmá Lydia mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́run ṣeun," ni màmá náà wí. "Alfa, Ọlọ́run á bù kún ẹnu yín. Àwọn ọmọ ìjọ ò wá mọ́ láti ìgbà tí pásítọ̀ àtijọ́ ti lọ. Èmi àti ọmọ ọ̀dọ̀ mi ni. Ẹ̀yìn mi yìí, aṣọ ni mo fi ń dì í lábẹ́ búláòsì."

Fọládé ní, "Èmi nìkan náà ni."

Gbogbo wọn wá yíjú sí Hussain. Alàájì ń wo òrùlé bí ẹni tó ń ka ihò ara páánù. Lẹ́yìn náà ó mú ọwọ́ tó kó sẹ́yìn wá síwájú, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ẹrẹ̀ ti gbẹ sábẹ́ èékánná rẹ̀, àwọn ìka náà sì ti ya.

"Kò sí ọmọ kankan," ló sọ. "Èmi ni. Mò ń wá kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ẹ má baà rí i pé èmi nìkan ni. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń lọ wọ jalàbíà."

"Ẹ wọ jalàbíà láti wá kí mi!" ni Gàníyù pariwo.

"Kí lẹ fẹ́ kí n wọ̀?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Màmá Lydia, ó gbé Fọládé náà, kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń rẹ́rìn-ín tí omijé ń bọ́ lójú wọn, àwọn arúgbó mẹ́rin láàárín àga tó fọ́. Olúwagbénga nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Tó bá ti rẹ gbogbo yín báyìí, kí ló dé tí ẹ ń ṣe é?"

"Nítorí Alàájì ni," ni Gàníyù wí.

"Nítorí Alfa ni," ni Hussain náà wí. "Ṣé kí n jẹ́ kó wá bá ògiri tèmi ní jálajàla?"

Olúwagbénga fi ọwọ́ gbá iwájú orí. "Àwa náà, nítorí tiyín la ṣe ń pààrọ̀ páánù. Ọdọọdún la ń rí i tí ẹ ń rẹ́ ẹ. A ní ẹ̀mí ìlú wà lára ilé yìí, pé bí a bá pa á tì, ẹ máa bínú sí wa."

Wọn ò tún rẹ́rìn-ín mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n gbà pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí katapílà wá wó o. Ilé ẹrẹ̀ tí wọn ò rẹ́ mọ́ mọ ọ̀nà tó máa gbà padà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jáde, Hussain fa ilẹ̀kùn ìrókò náà, ó fẹ́ tì í, ó wò ó, ó sì fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Gàníyù sùn dáadáa lẹ́yìn náà. Kò sí ìdí tí n ó fi pa á mọ́ fún yín. Ó jẹun, ó kọ́ àwọn ọmọ kéwú rẹ̀, ó jókòó sábẹ́ igi ọ̀sán lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ láìwo ojú ọ̀run. Ẹrẹ̀ inú bárò gbẹ, ó là, àwọn adìyẹ ń yágbẹ́ sí i. Àbẹ̀ní ní ara rẹ̀ ń pọ́n. Gàníyù ní kò burú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìhà ìlà-oòrùn ṣú dẹ̀dẹ̀. Atẹ́gùn kọ́kọ́ wá, ó gbọn ewé ọ̀sán, ó fi eruku bo ojú ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni òjò àkọ́rọ̀ bọ́ sórí páánù ilé Gàníyù pẹ̀lú ariwo. Ó jókòó nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ ọ. Ó ka suratu méjì nínú Kùránì. Ó ka ìkẹta, ó ṣì í kà. Ó dìde, ó mú agboòrùn níbi tí Àbẹ̀ní gbé e kọ́ sí.

"Níbo lẹ ń lọ nínú òjò yìí?"

"Mò ń bọ̀."

Àbẹ̀ní ò dá a dúró.

Omi pupa ti ń ṣàn jáde láti ẹ̀gbẹ́ Gbọ̀ngán nígbà tó débẹ̀, ó ń gba gọ́tà lọ, ó pupa bí epo, ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀-Àràbà ni, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ ọ́n. Òjò ń fi gbogbo ara na ògiri náà. Bí Gàníyù ṣe ń wò ó, èyí tí òun fúnra rẹ̀ rẹ́ lésìí já, ó wó sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ti ìdúnta yọ lábẹ́ rẹ̀, òun náà wó. Gbogbo ọdún tó ti fi ṣe é ń bọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì dùn ún tó bó ṣe rò. Ó ní tóò, ó tán, kí n máa lọ sílé.

Nígbà náà ni ègé ẹrẹ̀ ńlá kan ya kúrò lẹ́bàá fèrèsé, tó sì wó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ dán, ó le, ó dúdú díẹ̀ ju ti òkè lọ. Ipa ìka ọwọ́ wà lára rẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ní kọrọdọ, bí ọwọ́ ẹni tó jókòó sílẹ̀ ṣe máa ń rẹ́ ògiri. Ìlà mẹ́rin-mẹ́rin ni níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ibi tó ga tó àyà ọmọdé, ìlà kan wà, àlàfo, lẹ́yìn náà ìlà méjì.

Gàníyù dúró. Ó ní, "Ìyá mi."

Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, ó ká ìka àárín kò, ó fi àwọn yòókù sínú ìlà náà. Wọ́n bá a mu. Òun ló pọn omi tí wọ́n fi po ẹrẹ̀ yìí. Gbogbo ọdún tó fi ń rẹ́ ògiri, tó ń ráhùn, ibí yìí ló ń bò mọ́lẹ̀, kò sì mọ̀. Òjò kan ojú ìlà náà báyìí, etí ìlà àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́.

Ó na agboòrùn síwájú, ó fi bo ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú òjò. Ó mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Ògiri ńlá kan ń wó lọ, àgbàlagbà sì fi agboòrùn bo ibi tí kò fẹ̀ ju àwo àmàlà lọ. Ṣùgbọ́n ó dúró. Apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó fi apá kejì ràn án lọ́wọ́, èyí náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Agboòrùn náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tún un gbé sókè.

Kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Hussain ló rí, láìsí jalàbíà, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ tó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Ó jọ pé ògiri tirẹ̀ ni òun náà wá wò. Ó wo Gàníyù, ó wo abẹ́ agboòrùn. Ó pẹ́ tó fi wo ìlà náà. Òun náà mọ ọwọ́ ìyá Gàníyù. Ọwọ́ yẹn ti bu ẹ̀kọ fún un rí.

"Ẹ gbé e wá," ló sọ.

"Ògiri Ìsàlẹ̀-Àràbà ni," ni Gàníyù wí.

"Ta ló bá yín fọwọ́ kan ògiri? Agboòrùn ni mo ní kí ẹ gbé wá."

Láti ìgbà tí ògiri náà ti já lé Gàníyù léjìká, ẹnìkan ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó gbé agboòrùn náà fún un. Apá rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ wọ́nranwọ̀nran, ó fi ẹ̀yìn rìn dé pèpéle, ó jókòó sínú omi, ó sì sunkún díẹ̀, òjò ò jẹ́ kó hàn.

Hussain tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọjá ìlà igun láìwò ó, ó na agboòrùn náà gbọnrangandan lórí ọwọ́ ìyá ẹlòmíràn.

"Alàájì," ni Gàníyù wí nígbà tó yá, "a ti ní kí á fi í sílẹ̀. Kò lè pẹ́ kó lọ. Tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó lọ."

"Mo gbọ́," ni Hussain wí. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rẹ̀ mí ná."